Oúnjẹ Tí Ń Tu Ọpọlọ Lára Kò Sí Nínú Ìgò

Ó ti di àṣà báyìí. Bí ẹnì kan bá ti sọ pé oúnjẹ lè ran ọpọlọ lọ́wọ́, orúkọ oúnjẹ mẹ́rin-márùn-ún kan náà ni yóò tẹ̀ lé e: ẹja salmon, èso blueberry, walnut, òróró ólífì, àti bóyá píà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ń kà á lórí rédíò, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn tí ń ta oògùn inú ìgò sì ti há a sórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ìyókù kún un: bí o kò bá rí salmon, ra òróró ẹja inú kápúsù, bí ewébẹ̀ bá sú ọ, ra lẹ́búlẹ́bú rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ wọn ní Ìbàdàn tàbí ní Niamey á kàn mirí, á gbà pé ohun tó lè tu ọpọlọ òun lára kò sí nínú ọjà tí òun ń ná, pé òkèèrè ló wà, àti pé owó òun kò ká a.

Irọ́ ni. Mo fẹ́ bá irọ́ náà jà, ọjà Grand Marché ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ni mo sì fẹ́ lò fún un. Niger wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà jù lágbàáyé, òkun jìnnà sí i, oòrùn rẹ̀ kì í ṣeré. Bí ọ̀rọ̀ mi bá lè dúró níbẹ̀, kò sí ibi tí kò ní dúró nílẹ̀ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jà sí. Bí ẹ̀gún bá gún èèyàn lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná, á sì máa ro ó. Ara ló ń jagun, ogun rere sì ni. Bó bá ṣẹ́gun tán, ó yẹ kó sinmi. Irú ogun yìí kan wà tí kì í parí. Ó ń rọra jó lábẹ́lẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, kò wú síta, kò ro olúwarẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa ń tú u fó. Ìgbóná abẹ́nú ni n ó máa pè é. Àìsùn máa ń dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sìgá, ìsanrajù, ìdààmú tí kò lópin, àti ohun tí à ń jẹ.

Pé ó kan ọpọlọ kì í ṣe àhesọ. Nígbà tí àwọn dókítà ń fi oògùn interferon wo àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C, wọ́n rí i pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ń ti orí oògùn náà bọ́ sínú ìsoríkọ́, iṣẹ́ interferon sì ni láti ru ogun inú ara sókè. Ní 2013, Charles Raison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Emory University ní Atlanta gbé àbájáde kan jáde lórí èèyàn 60 tí ìsoríkọ́ wọn kò gbóògùn. Wọ́n fún àwọn kan ní infliximab, oògùn tí ń paná ogun inú ara, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní èyí tí kò ní nǹkan nínú. Lápapọ̀, infliximab kò ṣe oore kankan ju ayédèrú lọ. Àmọ́ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti fi hàn tẹ́lẹ̀ pé ìgbóná abẹ́nú wọn ga, àwọn rí ìtura. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní sọ pé ìgbóná abẹ́nú ló ń fa gbogbo ìsoríkọ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ìgò wà níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ọjà. Iná jó Grand Marché ní 1982, wọ́n sì tún un kọ́. Ẹni tó mọ ìlú náà á sọ pé aṣọ, bàtà àti ẹrù òkèèrè ló gba ibẹ̀ jù, pé Petit Marché ni ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti aláta fi ṣe ibùjókòó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aláṣọ gbọ́dọ̀ jẹun ọ̀sán, alábàárù gbọ́dọ̀ jẹun, oúnjẹ tí àwọn obìnrin ń gbé wá fún wọn nínú abọ́ ńlá ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Kopto wà níbẹ̀: ewé mọ̀ríńgà tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n wá fi kúlíkúlí gígún, àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀ pò pọ̀. Dambou wà níbẹ̀: jéró tàbí ìrẹsì tí wọ́n lọ̀ tí kò kúnná, tí wọ́n fi ooru omi sè, tí wọ́n da ewé mọ̀ríńgà kan náà, òróró àti àlùbọ́sà sí. Zogale ni àwọn Hausa ń pe ewé yìí. Àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ín létí odò Ọya bí àwa ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n ń gé e, ó ń rúwé padà.

Kí ni àwa ń fi ewé kan náà ṣe? Ní Èkó àti Ìbàdàn, a sọ ọ́ di oògùn. A sá a gbẹ, a lọ̀ ọ́, a rọ ọ́ sínú kápúsù, a ya àwòrán ewé sára ìgò, a ní ó ń wo ọ̀ọ́dúnrún àrùn. Kápúsù méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Alábàárù Niamey tó jẹ àwo kopto kan lọ́sàn-án ti jẹ ewé tí ẹni tó ń gbé kápúsù mì kò lè rí fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì ti jẹ ẹ̀pà mọ́ ọn. Kò pè é ní ìtọ́jú. Oúnjẹ ọ̀sán ló pè é. Nínú ewé náà ni fólétì wà, èròjà tó sábà máa ń kéré lẹ́jẹ̀ àwọn tí ìsoríkọ́ ń bá jà. Ta ló gbọ́n jù nínú àwa àti òun?

Ẹ̀wà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn Nàìjíríà, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń kórè ẹ̀wà tó Niger lágbàáyé. Fáíbà inú ẹ̀wà àti jéró kì í dà nínú ikùn. Ó ń kọjá lọ bá àwọn kòkòrò àìfojúrí tó fi ìfun ńlá ṣe ilé, àwọn ni wọ́n ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di èròjà bíi butyrate, tí ń tọ́jú ògiri ìfun tó sì ń pẹ̀tù sí ogun inú ara. Irú wà níbẹ̀, dadawa àwọn Hausa, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní soumbala. Kúkà wà níbẹ̀, ewé osè gbígbẹ tí ará Ìlọrin àti Ọ̀yọ́ fi ń se lúrú. Fùrá òun wàrà kíkan kò wọ́n. Àlùbọ́sà Galmi, èyí tó ní àwọ̀ elésè-àlùkò, tí ìlú kékeré kan ní ẹkùn Tahoua fún lórúkọ, kún inú àpò débi pé èèyàn á rò pé yanrìn ni wọ́n rọ síbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní University of South Carolina, tí James Hébert jẹ́ olórí wọn, ti ṣe òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ oúnjẹ tó ń ru ìgbóná abẹ́nú sókè àti èyí tó ń pa á. Ohun 45 ló wà nínú òṣùwọ̀n náà. Àlùbọ́sà wà níbẹ̀, aáyù wà, atalẹ̀ wà, ata ilẹ̀ pupa wà, fáíbà sì wà lára àwọn tó ń paná jù. Blueberry kò ní àyè tirẹ̀. Èròjà tó fún un láwọ̀ ló wà níbẹ̀, èròjà yẹn kan náà ló sì fún ìṣápá ní pupa rẹ̀, ìṣápá tí wọ́n fi ń ṣe bissap ní Niamey, tí a fi ń ṣe zóbò nílé wa. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé blueberry ni wọ́n ń kọ sínú ìwé fún wa?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àlàyé orí ìwé lásán nìyí, kó gbọ́ ti Tanzania. Ní 2025, Nature Medicine tẹ àbájáde iṣẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Radboud ní Netherlands àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní agbègbè Kilimanjaro. Ọkùnrin 77 ni wọ́n lò, ọ̀dọ́ tí ara wọn le. Wọ́n mú àwọn ará oko tó ń jẹ oúnjẹ ìbílẹ̀, wọ́n fi búrẹ́dì funfun, sọ́séèjì àti ọ̀dùnkún díndín bọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n mú àwọn ará ìlú tó ti mọ́ lára láti jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n dá wọn padà sí ẹ̀wà, ewébẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọkà. Ìgbóná abẹ́nú gun òkè lára àwọn ará oko, ó sì wálẹ̀ lára àwọn ará ìlú. Àní àwọn kan wà tó jẹ́ pé mbege, ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọn, ni wọ́n fún wọn mu fún ọ̀sẹ̀ kan, tí ó sì ṣe wọ́n ní oore tó jọ ọ́. Wọn kò wọn ìsoríkọ́ nínú iṣẹ́ yìí, n kò sì ní sọ pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Ohun tó fi hàn ni pé ìkòkò ìyá àgbà Áfíríkà lè paná, pé kò sì pẹ́ rárá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti pé bí a bá dà á nù, kì í pẹ́ kí iná tó ràn padà.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ìgò wò, nítorí àwọn tó ń tà á kì í sọ apá yìí. Ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin nílẹ̀ Yúróòpù, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní MooDFOOD kó èèyàn 1,025 jọ, àwọn tó sanra, tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti ń fọwọ́ kàn díẹ̀díẹ̀ àmọ́ tí kò tíì di àìsàn. Wọ́n fún àwọn kan ní omega-3, selenium, folic acid àti fítámì D fún ọdún kan gbáko. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní kápúsù òfìfo. Àbájáde rẹ̀ jáde nínú JAMA ní 2019: kápúsù kò dènà ìsoríkọ́. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ VITAL-DEP lo àgbàlagbà 18,353, ó sì tẹ̀ lé wọn fún bí ọdún márùn-ún. Fítámì D kò dènà ìsoríkọ́. Wọ́n kéde ìyẹn ní 2020. Òróró ẹja kò dènà rẹ̀. Wọ́n kéde ìyẹn ní 2021. Síbẹ̀, òróró ẹja inú ìgò yìí náà ni wọ́n ṣì ń polówó fún ìyá tó ń ta ata, pé kó fi èrè ọ̀sẹ̀ kan rà á kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ẹ fi wé SMILES, iṣẹ́ tí Felice Jacka ti Deakin University ní Australia ṣe, tó jáde ní 2017. Èèyàn 67 tí ìsoríkọ́ wọn ti le ni. Àwọn kan ní ẹni tó ń jókòó tì wọ́n, tó ń bá wọn tàkúrọ̀sọ. Àwọn kejì ní onímọ̀ oúnjẹ tó ń kọ́ wọn láti jẹ ewébẹ̀, ẹ̀wà, ọkà tí a kò bó funfun, èso, ẹja àti òróró ólífì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó yí oúnjẹ padà ló ti bọ́ nínú ìsoríkọ́. Ìdá 8 péré ni lára àwọn tí wọ́n kàn ń bá tàkúrọ̀sọ. Wọ́n tún ṣírò owó rẹ̀, wọ́n sì rí i pé oúnjẹ tuntun náà kò wọ́n tó èyí tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ń rà tẹ́lẹ̀.

Èèyàn 67 kò pọ̀, mo mọ̀. Ẹni tó ń jẹ ewébẹ̀ sì mọ̀ pé ewébẹ̀ lòun ń jẹ, a kò lè fi í pamọ́ fún un bí a ti ń fi kápúsù pamọ́, ìrètí lásán sì lè gbé èèyàn dìde díẹ̀. Nínú iṣẹ́ ti Yúróòpù yẹn gan-an, ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ kò dènà ìsoríkọ́ fún àwọn tí kò tíì ní in. Nítorí náà ọ̀rọ̀ kò tíì bùṣe. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀rí bá wà, bó ti wù kó kéré mọ, ìkòkò ló gbè. Ìgò ti gbìyànjú láti dènà ìsoríkọ́ lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ó sì ti kùnà.

Àwọn kan wà tí wọn kò gbà pé oúnjẹ kan ọ̀rọ̀ ọpọlọ rárá, tí wọ́n ní ayé ló ń bá olúwarẹ̀ jà. N kò ní àyè fún wọn lónìí.

Àtakò tó le ni ti ẹni tó bá ní: "Ìwọ tó ń sọ ìgbóná abẹ́nú, ṣé o kò mọ̀ pé ebi ń pa wọ́n ní Niger ni?" Mo mọ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, kí ọkà tuntun tó dé, àká ọ̀pọ̀ ilé máa ń gbẹ níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí oúnjẹ alẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ti wá, kò sí ewé tó lè mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí àtakò yìí ń gbé wa lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, àwọn ológun Niger gbàjọba lọ́wọ́ ààrẹ Mohamed Bazoum. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ECOWAS pàṣẹ kí wọ́n ti ẹnubodè. Ọkọ̀ akẹ́rù tò lọ rẹrẹẹrẹ ní Malanville, níhà Benin. Ìrẹsì tó ń ti Éṣíà gba Cotonou wọlé gbówó lórí, òróró náà gbówó lórí. ECOWAS gbé ìjìyà náà kúrò ní oṣù Kejì 2024, síbẹ̀ Niger kò ṣí ẹnubodè tirẹ̀ fún Benin nígbà náà. Oúnjẹ ilẹ̀ wọn náà gbówó lórí, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mọ̀ríńgà etí odò kò dúró de ọkọ̀ kankan láti Cotonou, ẹ̀wà Maradi kò gba orí òkun kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ebi la ṣe fẹ́ pa ẹnu mọ́ lórí oúnjẹ àti ọpọlọ, a jẹ́ pé àwọn tó ń ta ẹrù òkèèrè nìkan la fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún. Ẹni tó bá káàánú tálákà, owó ẹ̀wà ni kó bá ìjọba jà lé lórí, àti omi tí àgbẹ̀ fi ń rin mọ̀ríńgà, àti ibi tí a lè kó ọkà pamọ́ sí tí kòkòrò kò ní í jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ yìí ló rán mi létí pé n kò gbọ́dọ̀ sọ ọjà náà di tẹ́ńpìlì. Ẹ̀pà tí wọ́n bá kó pamọ́ sínú ọ̀rinrin máa ń hu èébú, èébú náà sì máa ń mú májèlé aflatoxin jáde, ó sì ń bá ẹ̀pà wọnú kúlíkúlí. Bissap tí ṣúgà ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó omi rẹ̀ kì í paná fún ẹnikẹ́ni. Màgí ti lé irú kúrò nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò, ní Niamey àti nílé tèmi náà, iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìrẹsì funfun ti ń gba àyè jéró. Ohun tí mo ń gbèjà ni oúnjẹ tí àwọn tó ń ta ìgò kò ní èrè kankan láti dárúkọ fún wa, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti wà nínú abọ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Láti 1992, Hugh Hendrie láti Indianapolis àti àwọn dókítà Ìbàdàn, tí Benjamin Osuntokun àti Adesola Ogunniyi wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Èèyàn 2,459 ní Ìbàdàn, 2,147 ní Indianapolis. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tiwa ni àrùn ìgbàgbé ń mú. Lọ́hùn-ún, ìdá 3.24. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé yàtọ̀ sí ti ìsoríkọ́, oúnjẹ nìkan kọ́ ló sì lè ya ìlú méjèèjì sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà Ìbàdàn wọ̀nyẹn, àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi dàgbà, ẹran wọn sì kéré. Kí làwa ọmọ wọn ń jẹ? Ìndómì láàárọ̀, búrẹ́dì funfun lọ́sàn-án, ọtí ẹlẹ́rìndòdò láàárín wọn, ẹ̀fọ́ wá di ohun tí a fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹran. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a ó wá yá owó ra ìgò tó ní ewé àdúgbò wa nínú.

Ẹni tí oorun ti fi sílẹ̀, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó ń sọ pé ikú sàn fún òun ju ìyè lọ, kopto kọ́ ló yẹ ẹ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Aro ní Abẹ́òkúta. Bó bá jẹ́ Niamey lẹ wà, ẹ̀ka ọpọlọ wà ní Hôpital National. Kó lo oògùn tí dókítà bá kọ fún un, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa se ẹ̀wà òun ẹ̀fọ́ fún un nígbà tó bá ń lò ó.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìfọ̀kànbalẹ̀ nínú ìgò: ẹ kó ìwádìí tí ẹ fi ń tà á síta kí aráyé rí i, kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tó ní òun lò ó tó sì dára fún òun. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ yéé gba owó ẹ̀wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa.